Wọ́n Ní Ladani Ń Mugbó

Alhaji Bùsàrí tó ń gbé ní Flossmoor nítòsí Chicago ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, kò sì mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń fi ìtàn náà bú. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ni. A ti kírun tán ní mọ́sálásí wa ní apá gúúsù Chicago, ó ní kí n wọ ọkọ̀ òun kí òun gbé mi dé ibùdókọ̀. Yìnyín wà nílẹ̀. Ó tan híítà, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe nínú dígí, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ ẹrù.

"Ladani, ṣé o ti gbọ́ ohun tó ń lọ?"

Ladani ni gbogbo wọn ń pè mí níbẹ̀, nítorí èmi ni mò ń pe ìrun. Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan.

"Ọmọ wa kan ni o, ọmọ Ìsẹ́yìn, nínú Chicago níbí. Àgbàlagbà ọkùnrin. Wọ́n ní ó ti di amugbó. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ló ń sunkún kiri nílé, tó ń bẹ àwọn ààfáà. Wọ́n fi ohùn obìnrin náà ránṣẹ́ sí ìyàwó mi lórí WhatsApp láàárọ̀ yìí. Àbí ìwọ náà kì í ṣe ọmọ Ìsẹ́yìn ni? O ò mọ̀ ọ́n?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ n gbọ́ ohùn náà, Alhaji."

Ó tẹ fóònù rẹ̀. Àǹtí Rábí, ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ ti inú ìyá kan náà jáde, ni mo gbọ́. "Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run fún àbúrò mi tó wà ní Chicago. Àìsàn mú un lẹ́sẹ̀, ó ti wá ń fi igbó ṣe oògùn. Ẹni tó bá gbọ́, kó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn kí àdúrà lè pọ̀."

Alhaji Bùsàrí pòṣé. "Wọ́n ní àìsàn ló fà á. Amugbó wo ni kì í ní nǹkan tó fà á?" Ó yíjú sí mi. "Kí ló dé tí ojú ẹ rí bẹ́ẹ̀? O mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Èmi ni."

Ọkọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti fi Ìsẹ́yìn sílẹ̀. Òtútù Chicago ń géni jẹ, àmọ́ èèyàn lè wọṣọ fún òtútù. Aṣọ wo lèèyàn ń wọ̀ nígbà tí wọn ò bá kí i? Nínú ilé tí mo kọ́kọ́ gbà, ọkùnrin kan ń gbé ní yàrá tó dojú kọ tèmi. Láràárọ̀ ni mò ń kí i. Mo bi í bó ṣe sùn, mo bi í nípa àwọn ará ilé rẹ̀, mo bi í nípa iṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ó di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "What exactly do you want from me?" Kí ni mo fẹ́? Mo fẹ́ kó dáhùn ni.

Iṣẹ́ tí mo rí wà ní Evanston, ní òkè lọ́hùn-ún, nígbà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ìlú ni mò ń sùn. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń pa pámpáàsì wọn dà, mò ń gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Màmá kan wà níbẹ̀ tó ń pè mí ní Charles. Ọdún mẹ́ta ló fi ń pè mí ní Charles, mo sì ń jẹ́ ẹ. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wá kó ẹrù, wọ́n ní ìyá àwọn máa ń sọ̀rọ̀ Charles dáadáa, ibo ni Charles wà káwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Mo ní Charles ò wá síṣẹ́ lónìí.

Ọdún yẹn kan náà ni bàbá mi kú ní Ìsẹ́yìn. Èmi tí mò ń wẹ bàbá àwọn òyìnbó lójoojúmọ́, orí fóònù ni mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bu omi sí bàbá tèmi lára. Àǹtí Rábí gbé fóònù sún mọ́ ibẹ̀ kí n lè gbọ́. Ó ní, "Ṣé ò ń gbọ́ omi náà?" Mo ní mò ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn mo wọ aṣọ iṣẹ́, mo lọ sí shift. Nígbà náà, èmi àti ìyàwó mi ti pín gààrí, kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ilé.

Ibi kan ṣoṣo tí mo ti ń jẹ́ èèyàn ni mọ́sálásí. Ṣọ́ọ̀bù bàtà ni ilé náà tẹ́lẹ̀, òórùn awọ ò tíì kúrò lára ògiri. Nígbà tí ladani tó wà níbẹ̀ kó lọ sí Texas, Lèmọ́ọ̀mù wa, bàbá arúgbó ọmọ Ìwó, ní kí n dán an wò. Mo ki ìka bọ etí, mo pe ìrun. Nígbà tí mo yíjú padà, àwọn ọkùnrin tó ń wa tírélà, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ló ń wò mí. Láti ọjọ́ náà, tí mi ò bá wá, èèyàn mẹ́wàá á pè mí. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lè má mọ bí ìyẹn ṣe tóbi tó. Ní ìlú tí èèyàn lè kú sínú yàrá kí lẹ́tà máa kún àpótí rẹ̀, kí èèyàn mẹ́wàá máa béèrè rẹ!

Ẹsẹ̀ òsì ló bẹ̀rẹ̀. Á gan lójijì, á le bí igi ìdáná, orúnkún ò ní tẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ á ká kò bí ẹja gbígbẹ. Mo pè é ní pajápajá. Alhaji Bùsàrí ní làkúrègbé ni, kí n máa fi òróró ra á. Àǹtí Rábí ní iṣẹ́ ayé ni. Lọ́jọ́ kan, mò ń lọ síbi iṣẹ́, ilẹ̀kùn reluwé ṣí, ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò gbé. Mo dúró síbẹ̀ bí òpó. Àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí omi ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ òkúta, ilẹ̀kùn pa dé, reluwé sì gbé mi kọjá ibi tí mò ń lọ.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò, obìnrin ará Íńdíà tí kì í kánjú, fi àwòrán ọpọlọ mi hàn mí. Ó ní MS ló ń jẹ́. Ó ní àwọn sójà inú ara mi ló yíjú ìbọn sí mi, wọ́n ń jẹ ohun tó bo àwọn okùn tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀. Ó yé mi. Bí eku ṣe ń jẹ rọ́bà ara wáyà iná ni: iná ò ní tàn nígbà tó yẹ, á sì máa ṣáná nígbà tí kò yẹ.

Ó fún mi ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí àìsàn náà yára, mo ṣì ń gbà á. Àmọ́ ẹsẹ̀ ò yéé gan. Ó fún mi ní hóró oògùn fún ìyẹn náà. Àkọ́kọ́ sọ mí di olóorun, mo sùn lórí ìdúró níbi iṣẹ́. Èkejì sọ ẹsẹ̀ mi di ẹ̀kọ tútù, mo ṣubú nínú balùwẹ̀. Orí àga ni mo wá ń kírun, lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Èmi tí mò ń pe àwọn èèyàn wá foríkanlẹ̀, èmi nìkan ni orí mi ò kan ilẹ̀.

Ìgbà náà ni dókítà bi mí bóyá mo ti ronú nípa cannabis. Ẹ má fi mí ṣe ẹni mímọ́: èmi gan-an ló kọ́kọ́ bínú. Mo ní ṣé mo jọ asùnta lójú rẹ̀ ni? Kò bá mi jà. Ó ní nílẹ̀ England wọ́n ti ṣe é sínú ìgò, dókítà ló ń kọ ọ́, ẹnu ni wọ́n ń fín in sí fún irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní níbí, wọn ò tíì gba ìgò yẹn wọlé. Illinois, ìpínlẹ̀ tí a wà, ń fún aláìsàn ní káàdì kó lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù, ìjọba àpapọ̀ dúró lókè, ó ń sọ pé èèwọ̀ ni. Ẹ gbọ́ ìyẹn ná. Orílẹ̀-èdè kan, ẹnu méjì, aláìsàn ló dúró láàárín. Ó ní kò ní wo àìsàn náà sàn o, kì í sì í bá gbogbo ara mu, gígan ẹsẹ̀ nìkan ló lè dẹ̀. Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀.

Mo fa fìlà bojú bí olè, mo lọ. Ṣọ́ọ̀bù náà ń dán bí ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Ọmọbìnrin tó ń tajà bi mí bóyá èyí tí wọ́n pò mọ́ bisikíìtì ni mo fẹ́ àbí ti inú ṣúìtì. Mo ní, "I have MS." Ó ní, "Cool." Wọ́n ń kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ bisikíìtì fún àwọn tó fẹ́ ṣeré, èmi tí mo wá nítorí kí n lè rìn, mo tò sẹ́yìn wọn.

Òróró ni mo gbà, nínú ìgò kékeré, èyí tí wọ́n ń kán sábẹ́ ahọ́n. Mi ò fi iná sí nǹkan kan rí láyé mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú yí mi díẹ̀, ẹnu mi gbẹ, dókítà ní kí n dín in kù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo fa ìbọ̀sẹ̀ wọ̀ fúnra mi. Ìbọ̀sẹ̀ lásán! Mo wò ó títí bí ẹni tó ra mọ́tò tuntun. Mo tẹ́ ẹní ìkírun. Mo tẹ̀ ba, orúnkún mi tẹ̀, iwájú orí mi kan ilẹ̀. Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó tí mo wà níbẹ̀.

Ayọ̀ yẹn ló mú mi pe Àǹtí Rábí. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe. Mo fi Yorùbá sọ ọ́.

Ó ní, "Alihamudulilai! Oògùn wo ni wọ́n fún ẹ?"

Mo wá ọ̀rọ̀ títí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan yìí ní orúkọ tí dókítà ń pè é, ó ní orúkọ tí ṣọ́ọ̀bù ń pè é, ó ní orúkọ tí àwọn ọmọ ìta ń pè é. Ní èdè ìyá mi, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà. Mo ní, "Igbó ni, Àǹtí, àmọ́..."

Kò gbọ́ àmọ́. "Igbó? Ìwọ? Ọmọ bàbá mi ń fa igbó?"

"Mi ò fà á, Àǹtí. Mò ń kán an ni."

"Ó ń kán igbó! Mo gbé! Fífà ò tó o mọ́, o ti ń kán an!"

Mi ò lè bínú sí i tán. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ààfáà kan, ààfáà fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ alásàlátù, ẹgbẹ́ alásàlátù fi ránṣẹ́ sí ará ayé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rìn láti Ìsẹ́yìn dé inú ọkọ̀ Alhaji Bùsàrí, ó sì ń sanra bó ṣe ń bọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ ba èèyàn jẹ́ láàárín wa, wọn kì í ní kí wọ́n bà á jẹ́. Wọ́n á ní kí wọ́n gbàdúrà fún un.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ igbó yẹn títí. Ewúro ní orúkọ, efinrin ní orúkọ, dóńgóyárò tó korò bẹ́ẹ̀ ní orúkọ. Ewé yìí nìkan la ò sọ lórúkọ. Ibi tó ti hù la fi ń pè é, bí ọmọ tí kò ní bàbá. Inú igbó kan náà ni ìyá ìyá mi ti ń já ewé tó fi ń wo ibà fún àwa ọmọ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pè é ní onígbó.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, kọ́míìtì mọ́sálásí pè mí. Alhaji Ganíyù, alága, ló jókòó sáàárín, ẹni tó ní ilé-iṣẹ́ tó ń rán nọ́ọ̀sì sí ilé àwọn aláìlera. Lèmọ́ọ̀mù wà lọ́tùn-ún rẹ̀, Alhaji Bùsàrí wà lósì, kò lè wò mí lójú.

Alhaji Ganíyù ní, "Ladani, ìbéèrè ẹyọ kan la ní. Ṣé igbó ni àbí kì í ṣe igbó?"

"Oògùn ẹsẹ̀ mi ni, sà."

"Mi ò bi ẹ́ ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Orúkọ ẹ̀ ni mo bi ẹ́."

Alhaji Bùsàrí wúkọ́. Ó ní, "Alága, ẹ jẹ́ ká fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ká kọ ọ́ pé cannabinoid ni. Ta ló mọ ìyẹn? Ká máa lọ sílé, oúnjẹ ń tutù."

Ó fẹ́ gbà mí là, mo mọ̀. Àmọ́ mo kọ̀. Mo ní, "Ṣé Ọlọ́run ò gbọ́ Yorùbá ni? Ohun kan náà, tí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì pè é, oògùn ni. Tí mo bá fi èdè bàbá mi pè é, mo ti di asùnta. Igbó ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, igbó ni."

Alhaji Ganíyù na ọwọ́. "Ẹ gbọ́? Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ohun tó ń pani bí ọtí!"

"Alhaji, hóró funfun tí ẹ ń lò fún ẹ̀yìn yín, tí ẹ fi ń hanrun nínú wàásù, ẹbí òpíọ̀mù ni."

"Dókítà ló kọ ọ́ fún mi!"

"Dókítà náà ló bu ọwọ́ lu ìwé tèmi."

"Ilé ìtajà oògùn ni mo ti ń ra tèmi. Ìwọ, ìdí bisikíìtì!"

"Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n kó o síbẹ̀? Ṣé ilé ìtajà ló ń sọ nǹkan di halal ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì pa ẹnu dé. Lèmọ́ọ̀mù gbé ọwọ́ sókè. Ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní òun mọ̀ pé ìnira máa ń ṣí ilẹ̀kùn tí ìgbádùn ò lè ṣí, òun ò sì ní pe aláìsàn ní ọ̀mùtí. "Àmọ́ ẹnu àwọn èèyàn ti pọ̀, ọmọ mi. Dákun, dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ọkàn wọn balẹ̀. Ọlọ́run ń gba ìrun orí àga."

Mo gbà. Ẹ̀rù ló mú mi gbà. Ẹni tó ní ilé méjì lè fi ọ̀kan ṣe ìbínú. Ẹni tó ní ẹyọ kan, tí wọ́n bá ní kó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á dọ̀bálẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ ń já bí ẹran tí wọ́n so. Mi ò lè wọ ìbọ̀sẹ̀, mi ò lè fi ọwọ́ méjèèjì gbé arúgbó kan ní Evanston, ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kejì, Alhaji Ganíyù pẹ́ dé, iwájú àga mi ni àyè ti ṣẹ́ kù. Nígbà tí gbogbo wọn foríkanlẹ̀, ẹsẹ̀ òsì mi ta jáde láti orí àga, ó bá a nídìí, gbàù! Alága wa fi imú kọlu ẹní. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, omi ń jáde lójú mi nítorí bí iṣan náà ṣe ń fà.

Nígbà tí a sálámà, tí ìrun parí, ó yíjú padà, ojú rẹ̀ pọ́n. "O gbá mi nínú ìrun?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹsẹ̀ tí ẹ ní kó má lo oògùn ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo padà sí òróró mi. Mo lọ bá Lèmọ́ọ̀mù nílé, mo sọ fún un, mi ò purọ́. Ó ní, "Wá sínú sàfù. Ìrun ẹ wà láàárín ìwọ àti Ẹlẹ́dàá ẹ, mi ò ní lé ẹ nínú ìlà. Àmọ́ ìrun pípè, fi sílẹ̀ fún wọn. Apá mi ò ká wọn."

Wọn ò rí ẹni tó lóhùn. Fóònù ló ń pe ìrun ní mọ́sálásí wa báyìí. Ẹnì kan á gbé e sẹ́nu máìkì, ohùn ọkùnrin kan tí a ò mọ̀ rí á jáde, á pè é tán, wọ́n á pa á. Fóònù ò ní ẹsẹ̀ tí ń gan, kì í lo oògùn, ẹnikẹ́ni ò bi í ní orúkọ ohun tó jẹ.

Mo lè gbà kí màmá òyìnbó tí iyè rẹ̀ ti ra pè mí ní Charles. Kò mọ̀ mí. Èyí tó ń dùn mí ni pé àwọn tó mọ orúkọ mi, tí wọ́n bá mi jẹ sààrì, tí wọ́n mọ ọjọ́ tí bàbá mi kú, àwọn ni wọ́n wo orúkọ náà, tí wọ́n fi Amugbó rọ́pò rẹ̀. A sá kúrò níbi tí wọ́n ti ń fi àwọ̀ ara dá wa mọ̀, a wọ ilé ara wa, a ti ilẹ̀kùn, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara wa sọ́tọ̀.

Mi ò kúrò o. Mò ń lọ ní gbogbo Jímọ̀. Mo máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo máa ń tẹ̀ ba, orí mi ń kan ilẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń kírun mọ̀ pé èjìká ló yẹ kó kan èjìká nínú sàfù. Lọ́tùn-ún mi, ibi tí èèyàn kan lè dúró sí máa ń ṣófo. Lósì mi náà. Alhaji Bùsàrí ṣì ń gbé mi nínú ọkọ̀ rẹ̀, àmọ́ tó bá di ìdúró, á kọjá lọ síbòmíràn. Lèmọ́ọ̀mù á kọjú sí wa, á ní, "Ẹ tò kó gún, ẹ má fi àlàfo sílẹ̀." Gbogbo ojú á lọ sílẹ̀, àlàfo náà á sì wà níbẹ̀ títí a ó fi sálámà.

Ìwọ tó o ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi báyìí, tó o bá wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, tí gbogbo wọn sì ń wò ọ́, ṣé wàá wá dúró síbẹ̀?